Olè Tó Bọ́ Bàtà

Èmi nìkan ni mo rí i. Nínú gbogbo Kútọnu, láti etí òkun Fidjrossè títí dé ẹnu pọ́ọ̀tù, kò sí ojú mìíràn tó rí olè yẹn àfi ojú tèmi, èmi Ràzáàkì ọmọ Pobè. Ẹ má fojú yìí ṣeré o. Mo lè jókòó sí Gbégamey kí n ka orúkọ tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ ojú omi tó ṣì wà lójú agbami. Àwọn kan ní irọ́ ni. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ọjọ́ Àtàláátà ni. Aago kan ọ̀sán ti lé díẹ̀, iná ti lọ láti aago mọ́kànlá, ooru sì ń sè wá bí ẹ̀wà. Mo wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ wa, mo fara pamọ́ fún ọ̀gá, mò ń jẹ àtàsí, ìrẹsì ẹlẹ́wà mi, jẹ́jẹ́. Bí mo ṣe wo ìsàlẹ̀ báyìí, ẹnì kan yọ jáde nínú yàrá kọ̀ǹpútà. Ó da aṣọ búlúù tí gbogbo wa máa ń wọ̀ síṣẹ́ bo orí, n ò rí ojú rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì yà sẹ́yìn ògiri.

Ohun tí mo rí kò ju ìyẹn lọ, àti nǹkan kékeré méjì tí mo máa sọ níwájú. Àmọ́ ta ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré?

Kó tó di aago mẹ́rin, ohùn kan bọ́ sórí WhatsApp kíláàsì wa. Nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló fi í ránṣẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fi aṣọ bo ẹnu, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, o ò lè mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ó ń ka ìbéèrè. Ìkíní, ìkejì, títí dé ìkẹfà. Ìdánwò wa ti Àlàmísì ni, lódindi!

Ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní Siǹyáàlì ni, ọdún kìíní ọ̀pọ̀ nínú wa nìyí nínú rẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń kọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń gbọ́ ohùn: á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń rẹ́ ilá, á sọ ègé kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà, á sì yọ ariwo kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ọ̀gá Háàrúnà ló ń kọ́ wa. Nígbà tó gbọ́ ohùn yẹn, ó fagi lé ìdánwò, ó sì pe ọlọ́pàá. Inú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá kọ̀ǹpútà ni ìwé ìdánwò wà, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà: Sàídátù, dèlègé kíláàsì wa, ọmọ Ṣakété. Òun ló ń bá wa bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, òun ló sì mọ̀wé jù nínú wa. Lẹ́yìn èmi, ẹ gbọ́ mi dáadáa.

*

Lọ́jọ́ Làrúbá, ọlọ́pàá mú Sàídátù, mo sì lọ sí kọmísáríà, ilé-iṣẹ́ wọn, láti gbà á sílẹ̀.

"O rí olè náà?" Ọlọ́pàá tó ń kọ̀wé ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Mo rí i, ọ̀gá. Ó ga bí òpó iná."

"Bí òpó iná?"

"Òpó iná tí wọ́n tún so òpó mìíràn mọ́ lórí. Ojú rẹ̀ ń tàn. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú bíi ti àǹjọ̀nú. Ó gbé bàtà lọ́wọ́ òsì, ó fo ògiri tó ga tó èèyàn mẹ́ta, ara rẹ̀ ò tiẹ̀ kan ògiri!"

Ọkùnrin náà gbé bíìkì tó fi ń kọ̀wé sílẹ̀. "Àbúrò, ṣé ọtí sódábì lo mu ni, àbí ibà ló ń ṣe ẹ́?"

"Ọ̀gá, wàláhì..."

"Jáde."

Ó fún ìwé tó ti kọ pọ̀, ó jù ú sínú garawa. Lójú mi báyìí ni.

Wọ́n ní ohùn yẹn gan-an ló ń bá Sàídátù wí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ náà, nǹkan kan ń hùn, *hùnnn*, láìdákẹ́. Ọlọ́pàá ní ẹ̀rọ amúlétutù yàrá kọ̀ǹpútà ni, pé ibẹ̀ lọmọbìnrin náà jókòó sí tó ti gbà á sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ máa jókòó lé e lórí ní aago mẹ́rin ọ̀sán Àlàmísì. Bí ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, wọ́n máa lé e, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tó máa gbà á.

Bàbá rẹ̀ ti dé láti Ṣakété. Ó jókòó sí kọ́ríídọ̀ kọmísáríà, ó gbé fìlà lé orúnkún, ó sì mú báàgì ńlá kan dání tí nǹkan kan ò sí nínú rẹ̀. Báàgì tó fẹ́ fi kó ẹrù ọmọ rẹ̀ lọ sílé ni. Mo kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, n ò lè kí i.

*

Àárọ̀ Àlàmísì, Àǹtí Àdìzátù ránṣẹ́ pè mí.

Àǹtí Àdìzátù ló ń tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà. Ọmọ Kétu ni, bàbá rẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ní pọ́ọ̀tù títí ó fi kú, ìdí ẹ́ńjìnnì yẹn lòun náà dàgbà sí. Bí mọ́tò bá kọjá níta, á ní "bẹ́líìtì yẹn máa já lọ́la," lọ́la á sì já. Nǹkan kan ṣoṣo ni kì í gbà: bàtà ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní eruku ń pa kọ̀ǹpútà. Bí mínísítà bá dé, á bọ́ bàtà. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó bá gbàgbé, á gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ò sọ fún un rí.

Mo bọ́ bàtà, mo wọlé. Sàídátù wà níbẹ̀, ọlọ́pàá ti fi í sílẹ̀ títí ìgbìmọ̀ á fi jókòó, ojú rẹ̀ wú.

"Sàídátù," Àǹtí ní, "aago kan Àtàláátà, níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Aago kan ọ̀sán, o wà níbí, o ò lọ kírun?"

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. "Àǹtí, mo tú u kúrò létí ìborùn mi, mo gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú aago ọwọ́ mi, mo lọ ṣe àlùwàlá. Nígbà tí mo padà dé, ó ṣì wà níbẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún ọlọ́pàá?"

"Ọ̀gá ní kí kọ́kọ́rọ́ má kúrò lára mi. Bàbá mi sì wà níbẹ̀, Àǹtí. Ojú ń tì mí."

"Ta ló mọ̀ pé ibẹ̀ lo máa ń fi í sí tó o bá ń lọ kírun?"

"Gbogbo kíláàsì. Ojoojúmọ́ ni."

Àǹtí mi orí. Ó yíjú sí mi. "Ó kàn ẹ́, ọba òpùrọ́. Sọ ohun tó o rí."

Mo sọ ọ́. Ó ga ju ọ̀pẹ lọ, ó wọ ìbọ̀wọ́ dúdú, bàtà wà lọ́wọ́ òsì.

"Tún un sọ."

Àwọn méjì ni wọ́n, ọ̀gá wọn ló ṣíwájú, iná ti jó ìka ọwọ́ rẹ̀ di èédú, ó gbé bàtà lọ́wọ́ òsì.

"Tún un sọ."

"Àǹtí!"

"Mo ní kó o tún un sọ!"

Ìgbà kẹta, ó kúrú bí aràrá, ó ń sáré bí ehoro, bàtà wà lọ́wọ́ òsì, ìka rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìgbà kẹrin, kò sáré mọ́, ó ń rìn bí ìyàwó tuntun, ìka ọwọ́ rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń ta èédú, bàtà ṣì wà lọ́wọ́ òsì. Gbogbo bí mo ṣe ń sọ ọ́, Àǹtí ń kọ ọ́ sójú pátákó. Ó kọ́kọ́ kọ èyí tí mo sọ fún ọlọ́pàá, tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ti gbọ́, ó to mẹ́rin yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di márùn-ún. Òógùn ti bò mí.

"Kí ni Háàrúnà kọ́ yín lọ́sẹ̀ kẹta?" ó bi Sàídátù.

Sàídátù nu imú. "Ó ní tí ariwo bá bo ohùn kan mọ́lẹ̀, ká gba ohùn náà sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ká kó gbogbo rẹ̀ léra. Ariwo ò ní jọ ara wọn, wọ́n á pa ara wọn. Èyí tí kò bá yí padà ló máa ṣẹ́kù."

"Ṣé o gbọ́?" Àǹtí mú dọ́sítà, ó ń pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òpó iná lọ. Ọ̀pẹ lọ. Ògiri lọ. Aràrá, ehoro, ìyàwó tuntun, gbogbo wọn lọ. Ó ń dùn mí bí ìgbà tí wọ́n ń fá irun mi. "Irọ́ ẹ ń pààrọ̀ aṣọ nígbà gbogbo, Ràzáàkì. Wá wo èyí tí kò pààrọ̀."

Nǹkan méjì ló kù lójú pátákó: *bàtà lọ́wọ́ òsì. Ìka ọwọ́ dúdú.*

Ohun tí mo rí gan-an nìyẹn.

"Olè wo ló ń bọ́ bàtà kó tó jalè?" Àǹtí béèrè.

Gbogbo wa ń wo ẹsẹ̀ ara wa, tó wà lásán lórí ilẹ̀ tó mọ́ tónítóní.

"Olè tí mo ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ni," ó dá ara rẹ̀ lóhùn. "Ara yín ló ń ṣe é. Ó ń bẹ̀rù ọlọ́pàá, àmọ́ ó ń bẹ̀rù mi jù bẹ́ẹ̀ lọ."

*

Ó ju ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà tò ó sílẹ̀ bí igi ọgbà: igi kọ̀ọ̀kan ń sọ bí nǹkan ṣe ń yára gbọ̀n tó, igi tó bá sì ga jù, òun ló ń pariwo jù.

"Iná ìjọba máa ń gbọ̀n ní àádọ́ta ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan," Àǹtí ní. "Gbogbo ẹ̀rọ tó bá ń jẹ iná yẹn, bó ṣe ń hùn nìyẹn. Wo igi yìí. Mélòó?"

"Mẹ́tàdínláàádọ́ta," Sàídátù ní.

"Kì í ṣe iná ìjọba nìyẹn. Iná ò sì sí láti aago mọ́kànlá títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀rọ amúlétutù wo ló wá ń hùn? Gúrúpù ni. Ẹ̀rọ tó ń fún èèyàn níná tí ìjọba bá mú tirẹ̀ lọ. Gúrúpù ilé-ẹ̀kọ́ yìí sì ti kú láti ìgbà ààwẹ̀. Ibòmíràn ni wọ́n ti gba ohùn yìí."

Sàídátù fọwọ́ bo ẹnu. Mo fò sókè. "Ó tán! Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún wọn!"

"Jókòó. Wọ́n á ní Sàídátù lọ gbà á níbi tí gúrúpù mìíràn wà ni. Ilé ta ni gúrúpù yìí wà?"

Ibẹ̀ ni mo rántí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá fún wa: kí olúkúlùkù lọ gba ariwo ibi tó ń gbé tàbí ibi tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kó ya igi rẹ̀. Àwa mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n la kó o wá, gbogbo rẹ̀ sì wà nínú kọ̀ǹpútà Àǹtí. (Tèmi ni wọ́n yìn jù. Ẹ béèrè.) Àǹtí ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ariwo ọjà. Ìró òkun. Ẹnì kan gba ìhanrun bàbá rẹ̀. Nígbà tó dé orí ti Àbídéènì, gúrúpù ń ké.

"Òun ni!" Mo lu tábìlì. Iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀kadà ni Àbídéènì ń ṣe lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Fidjrossè, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú ọ́ìlì. "Ìka dúdú! Àǹtí, mo ti sọ fún yín pé òun ni!"

"Ìgbà wo lo sọ fún mi?"

Wọ́n pe Àbídéènì wá. Ó bọ́ bàtà, ó dúró, apá rẹ̀ bí igi ìrókò. Ní ti Àbídéènì, mi ò bù mọ́ ọn o.

"Ràzáàkì ló ní òun rí mi? Ràzáàkì tó ní òun fi ọwọ́ lásán mú yanyan?"

"Yanyan kékeré ni!"

"Ẹja tútù ló rà lọ́jà, Àǹtí. Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ dákẹ́." Àǹtí gbé igi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Mélòó ni ti Àbídéènì?"

Mọ́kànléláàádọ́ta ni, ó dúró gbọnin bí ṣójà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Gúrúpù àbúrò bàbá ẹ lera," Àǹtí sọ fún un. "Ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì ló ń tọ́jú ẹ̀. Èyí tó wà nínú ohùn olè ń ṣàìsàn. Wò ó, kò lè dúró. Ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà mẹ́fà, á wálẹ̀ sí márùndínláàádọ́ta, á tún gòkè. Bí ẹni gbé ẹrù, tó sọ̀ ọ́, tó tún gbé e. Máa lọ, ọmọ mi. Má bínú."

Àbídéènì wò mí títí ó fi jáde. Mo wo òrùlé.

"Tún gbọ́ nǹkan mìíràn," Àǹtí ní. "Bí o bá jí ìbéèrè nítorí kó o lè yege, ta lo máa fún?"

"Èmi? N ò ní fún ẹnikẹ́ni láéláé."

"Olè yìí fún gbogbo yín. Ó mọ̀ pé Háàrúnà á gbọ́. Kí ni Háàrúnà máa ṣe tó bá gbọ́?"

"Á fagi lé ìdánwò," Sàídátù dáhùn. "Àǹtí, ohun tó fẹ́ nìyẹn. Kò fẹ́ yege. Ó fẹ́ kí ìdánwò má wáyé."

Ìkọkàndínlọ́gbọ̀n la ṣí kí igi náà tó jáde: mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó wálẹ̀, ó gòkè, ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà mẹ́fà. Lẹ́yìn rẹ̀, a gbọ́ ìró ẹ̀rọ tó ń fa bébà wọlé. *Ṣàà. Ṣàà.* Gbogbo ìgbà tó bá fa bébà kan, gúrúpù á mí kanlẹ̀.

"Fọ́tókópì," Àǹtí ní jẹ́jẹ́. "Ẹni tó bá ń da íǹkì lúbúlúbú dúdú sínú ẹ̀rọ fọ́tókópì, báwo ni ìka rẹ̀ ṣe máa ń rí?"

Mo ka orúkọ tó wà lókè iṣẹ́ náà. Testimony ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tókópì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Gbégamey. Láti Èkó ni wọ́n ti wá. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Òun ló ń rẹ́rìn-ín tí mo bá ń parọ́, nígbà tí àwọn yòókù bá ń yọ ṣùtì sí mi.

Inú mi ò dùn mọ́.

*

Aago mẹ́rin, yàrá ìgbìmọ̀ kún. Ọ̀gá Háàrúnà jókòó láàárín, ọlọ́pàá àná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá Sàídátù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Wọ́n pe Testimony.

Àǹtí fi igi méjèèjì hàn wọ́n, ó sì sọ bí wọ́n ṣe mú kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì nígbà àlùwàlá. Ọ̀gá Háàrúnà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó jọ pé ojú ń ti òun náà, torí ẹ̀kọ́ tó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ wa ni, ìbínú ò jẹ́ kó lò ó.

"Gúrúpù tó ń ṣàìsàn pọ̀ ní Gbégamey," Testimony ní. "Ẹnikẹ́ni lè wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù wa kó gba ohùn. Ta ló rí mi níbí?"

"Òótọ́ ni," ọlọ́pàá ní. "Ta ló rí i?"

Àǹtí Àdìzátù wò mí. Gbogbo yàrá wò mí. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Mo dìde. Ẹ gbọ́, òpó iná wà lẹ́nu mi. Ògiri tó ga tó èèyàn mẹ́ta wà níbẹ̀, wọ́n ń ti ara wọn kí wọ́n lè jáde. Mo gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó korò ju àgbo lọ.

"Mo wà lókè," mo ní. "Ẹnì kan jáde níbẹ̀ lẹ́yìn aago kan. Ó fi aṣọ búlúù bo orí, n ò rí ojú rẹ̀. Kò ga, kò kúrú. Ó gbé bàtà lọ́wọ́ òsì. Ìka ọwọ́ rẹ̀ dúdú. N ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo jókòó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọlọ́pàá ń wò mí bíi pé èmi kọ́ ló lé jáde lánàá.

Testimony wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rọra fi wọ́n pamọ́ sẹ́yìn, bí ọmọ tó jẹ ẹran inú ọbẹ̀. Ìyẹn náà ló tú u fó. Nígbà tó mọ̀ pé gbogbo wa ti rí i, ó mú wọn jáde padà, ó gbé wọn sórí tábìlì.

"Mo ti fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ yìí lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀kejì mi nìyí," ó ní. "Tí mo bá tún fìdí rẹmi, ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò ní sanwó ilé-ẹ̀kọ́ mi mọ́. N ò tíì mọ ìdajì rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n sún un sí ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni. N ò mọ̀ pé wọ́n máa mú Sàídátù. Ọlọ́run ń gbọ́, n ò mọ̀."

"O mọ̀ láti àná," Sàídátù ní.

Ọlọ́pàá dì í lápá mú. Nígbà tó ń kọjá níwájú mi, ó ní, "Ràzáàkì, kí ló dé tó jẹ́ òní lo rí òótọ́ sọ?" Kò bínú. Ó ń béèrè ni.

Níta, bàbá Sàídátù ti dé fìlà. Ó ká báàgì òfìfo yẹn, ó tún un ká títí ó fi kéré bí ìwé, ó kì í bọ àpò. Mo ń retí kí ọmọ rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti ń to ohun tí mo máa fi dá a lóhùn.

"Ká ní ohun tó o sọ lónìí lo sọ lánàá," Sàídátù ní, "bàbá mi ò bá tí gbé báàgì wá síbí lónìí."

Ó kí mi pé ó dàárọ̀, wọ́n sì lọ.

Nítorí náà, ẹ gbọ́. Yanyan yẹn, ẹja tútù ni. Láti Gbégamey, n ò lè ka orúkọ ọkọ̀ ojú omi kankan. Ẹ gba gbogbo ìyẹn padà, mo ti yọ ọ́ kúrò. Àmọ́ bàtà lọ́wọ́ òsì, ìka dúdú, èmi nìkan ni mo rí i, mo sì rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀marùn-ún, bó ṣe máa jáde nìyẹn. Ẹ gbà mí gbọ́. Mo ní kí ẹ gbà mí gbọ́!